Bí Mo Ṣe Gbé Awò Dádì Ṣeun Dé Aṣálẹ̀ Nàmíbíà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti kí mi kú àbọ̀ tán, ẹ sì ti wo ẹrù mi tán. Mo rí i lójú yín pé ọ̀rọ̀ náà kò yé yín. Ènìyàn rìnrìn-àjò dé ìsàlẹ̀ Áfíríkà, kò ra bàtà, kò ra lọ́fínńdà, ẹran gbígbẹ díẹ̀ àti ìwé pélébé kan ló mú bọ̀. Àwọn kan ní Apple Junction, níbi tí mo ti ń gé gíláàsì ojú, ti ń sọ pé bóyá wọ́n lé mi padà ni. Wọn kò lé mi. Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí mo lọ wò, kí n sì jẹ́wọ́ ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ nípa ara mi.

Ohun tí wọ́n rán mi

Dádì Ṣeun ló rán mi. Aládùúgbò wa ni, ní búlọ́ọ̀kù tí mo dàgbà sí ní Festac. Mẹkáníìkì ni, kireni ló ń tún ṣe ní wáàfù Àpápá títí tó fi fẹ̀yìn tì. Atukọ̀ kan ló fún un ní awò awọ̀nàjíjìn kékeré kan tí kò gùn ju apá mi lọ, òun náà sì fi kọ́ ara rẹ̀ ní ojú ọ̀run láìní olùkọ́. Gbogbo àwa ọmọ búlọ́ọ̀kù ló ti fi awò yẹn wo òṣùpá rí. Èmi nìkan ni mo dúró tì í nígbà tí àwọn yòókù padà sídìí bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, transfọ́mà àdúgbò wa jó, gbogbo agbègbè ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn àgbà ń bínú, inú Dádì Ṣeun ń dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ó mú mi gun orí búlọ́ọ̀kù, níbi tí tánkì omi wà, ó sì kọjú awò sí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Wúńdíá. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan ló ń wá níbẹ̀, èyí tí wọ́n wá ya àwòrán ihò dúdú tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní àárín rẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé e. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí: ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni ìlú tí àwọn ìràwọ̀ ń gbé. Oòrùn wa jẹ́ ará ìlú kan, àwọn ìlú mìíràn sì wà lọ́nà jíjìn réré. Èyí tí òun ń wá ní tirẹ̀ jẹ́ olú-ìlú, àwọn ìletò rẹ̀ sì yí i ká.

Ó rí i. Ó tún rí ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sára dígí. Ó ní kí n bá òun yà á sínú ìwé, torí ojú òun kò gbọdọ̀ kúrò nídìí awò. Mo yà á: ńlá náà láàárín, ìràwọ̀ kan lókè rẹ̀, kékeré náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó tó kàn mí láti wò, kùrukùru ti dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú iná wá, gbogbo àdúgbò hó yèè, a kò sì rí i mọ́ láé.

Nígbà tó yá, tó jẹ́ pé ohun tí mo yà nìkan ló kù fún un láti fi rántí, ó ra ìwé àwòrán ojú ọ̀run kan, àlòkù, ní Mazamaza. Kékeré náà, ọ̀kan lára àwọn ìletò olú-ìlú yẹn, wà nínú ìwé, àmọ́ apá kejì ló wà. Ó yí ìwé náà lọ, ó yí i bọ̀, torí ó mọ̀ pé awò òun máa ń dorí nǹkan kodò. Kò bára mu. Ó fi pẹ́ńsù kọ àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo yà, ó ní, "Ojú mi ló tàn mí jẹ." Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún báyìí. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gilọkómà ti mú ojú náà lọ. Òjìji àwọn ènìyàn nìkan ló kù fún un, èmi tí mò ń gé gíláàsì fún gbogbo ayé kò sì ní gíláàsì kankan tí mo lè gé fún un.

Ẹgbẹ́ àwọn awòràwọ̀ kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló pè mí sí aṣálẹ̀ Nàmíbíà. Nígbà tó gbọ́, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Bọ́sẹ̀, gbé awò mi dání."

"Ah-ah, Dádì, awò tó wà lọ́dọ̀ àwọn yẹn tóbi bíi tánkì o. Fótò ìṣùpọ̀ yẹn gan-an wà lórí fóònù mi. Kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó wà? Ohun tí mò ń bèèrè ni pé ojú tèmi, pẹ̀lú awò tèmi, ṣé ó rí i, àbí irọ́ ni mo pa fún ara mi. Lọ bá mi wò ó."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi gbàdúrà àlọ-àbọ̀ fún mi. Arábìnrin kan tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá Bíbélì kò ka wíwo ìràwọ̀ léèwọ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. N kò lọ bi ìràwọ̀ léèrè ọ̀la ẹnikẹ́ni, àná bàbá arúgbó kan ni mo lọ bèèrè.

Mummy Hilde

Ibi tí mo dé kò ní ariwo. Ilẹ̀ pupa, òkúta, koríko gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ títí lọ. A wa ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀, n kò rí ẹyọ ẹnìkan tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo rò pé wọ́n ti kó gbogbo ènìyàn ìlú náà lọ síbì kan.

Oko ẹran ni wọ́n gbà wá sí. Ẹni tó ni oko náà jẹ́ ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hilde, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orí rẹ̀ funfun, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni, ó sáré di apá mi mú, ó ń bi mí bóyá omi ló ń gbẹ mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kí n ṣá máa pe òun ní Hilde. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo dán an wò nínú yàrá mi, níwájú dígí, mo tún ń bojú wẹ̀yìn bóyá ìyá mi ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì mo pè é ní Mummy Hilde. Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó wo ìta. Ó ní àwọn ọmọ òun ti lọ sí òkè òkun, pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé náà.

Ẹni tó ń se oúnjẹ ńkọ́? Petrina ni, ojúgbà mi. Èdè rẹ̀ ní ìró kan tí ahọ́n máa ń ta, bí ẹni ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́. Ó kọ́ mi títí, ahọ́n mi kò ta. Èmi náà ní kó pe gbẹ̀gìrì, òun náà ṣe é tì, ni a bá ta ọ̀mì. Oúnjẹ ibẹ̀ ni àgbàdo tí wọ́n rò bíi tùwó, àti ẹran, ẹran sáá. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti sè é. Mo yọ ìgò ata gígún mi jáde. Petrina tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún na àwo rẹ̀ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, àárò ilé sọ mí ju bí mo ṣe rò lọ. Lọ́sàn-án, mo lè fara dà á. Tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bá wá bò wá, ọkàn mi á máa lọ sílé. Èmi tí mo máa ń ṣépè fún jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi, ohùn rẹ̀ ni mò ń wá kí n tó lè sùn. Ìlú yẹn rẹwà, àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣojú rere sí mi, mo sì mọ̀ ní gbogbo ìgbà pé àlejò ni mí. Àwọn àgbà kò parọ́: àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ wò ó ná

Alẹ́ mẹ́ta péré ni mo ní. Òṣùpá ti kọjá àrànmọ́jú, ojoojúmọ́ ló sì ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó yọ. Láàárín ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú àti ìgbà tó bá yọ ni iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ parí, torí òṣùpá kì í jẹ́ kí á rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré tó báyẹn.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo jáde, mo gbójú sókè, mo sì jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ìràwọ̀ pọ̀ débi pé n kò dá àwọn tí mo mọ̀ mọ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó rí Wúńdíá, kí n tó tọ ọ̀nà tí Dádì Ṣeun kọ́ mi, láti ìràwọ̀ kan sí èkejì, títí mo fi mọ̀ pé awò náà ti wà ní ojú ibi tó yẹ. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ síwájú wò ó dáadáa, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mummy Hilde ni, pẹ̀lú àlejò méjì, tọkọtaya tó tún dàgbà jù ú lọ.

Kí ni ọmọ Yorùbá á ṣe? Mo dìde. Mo ní, "Ẹ wò ó ná."

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé. Ọmọdé á ní kí àgbà kọ́kọ́ wò, àgbà á ní rárá, ìwọ lo ni ín. Ọmọdé á tún bẹ̀ ẹ́, àgbà á tún kọ̀, nígbẹ̀yìn ẹni tó ni nǹkan á wá fi ìtìjú wò ó. Àwọn wọ̀nyí kò mọ apá kejì eré náà. Wọ́n ní ẹ ṣé, wọ́n sì wò ó. Bàbá yẹn fi ojú sídìí awò, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ gbá awò, mo tún un wá. Ó kan Mummy Hilde. Kò tíì kúrò nídìí rẹ̀ tí ẹnìkan fi kígbe pé, "Ẹ wo òṣùpá!" Ó yọ lẹ́yìn òkè, ó pupa, ó tóbi, inú gbogbo wọn dùn. Èmi kò lè wo òṣùpá náà, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti bo ohun tí mo wá wò.

"Báwo lo ṣe rí ìṣùpọ̀ náà?" Mummy Hilde bi mí.

"N kò tíì wò ó, mà."

"O kò tíì wò ó? Ìwọ tí o gbé e wá láti Èkó? Kí ló dé tí o kò sọ?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ló sì gba alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Lálẹ́ kejì, afẹ́fẹ́ dìde, ó gbé eruku bo gbogbo ojú ọ̀run. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Mo sunkún nínú yàrá mi, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Mò ń wo bí mo ṣe máa wọlé tọ Dádì Ṣeun, kí n sọ fún un pé mo gbé awò rẹ̀ lọ, mo gbé e bọ̀, n kò wò ó.

Ibi tí ọwọ́ wà

Lálẹ́ kẹta, eruku ti rọlẹ̀. Mummy Hilde fúnra rẹ̀ ló kó àwọn àlejò lọ sídìí awò ńlá tó wà lódì kejì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ òun. Petrina nìkan ló ní kó dúró tì mí, torí òtútù ti mú ìka ọwọ́ mi le gan-an.

Mo fojú sídìí awò. Olú-ìlú náà wà láàárín, kò tóbi, funfun rẹ̀ rọra ń parẹ́ lọ létí. Ìràwọ̀ kan wà lókè rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo rántí ohùn Dádì Ṣeun: "Má wò ó tààrà. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí o ṣe ń ṣe tí àgbà bá ń bá ọ wí." Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo mí, mo dúró. Ó yọ. Ó lọ. Ó tún yọ. Èémí kékeré lára dígí.

Awò yẹn lè rí i! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ pariwo. Àfi bí mo ṣe rántí ìwé inú àpò mi, èyí tí mo yà lórí búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́sí. Ohun tí mò ń wò yìí wà ní apá ọ̀tún, bí ìwé Mazamaza ṣe wí. Ti Dádì Ṣeun wà ní apá òsì. Ayọ̀ mi rọ wọ̀ọ̀. Ó wá jẹ́ pé ohun tí bàbá rí lálẹ́ ọjọ́sí kì í ṣe èyí, ojú rẹ̀ tàn án ní tòótọ́, èmi ni mo sì máa gbé ìròyìn náà lọ bá a.

Síbẹ̀ iṣẹ́ ni iṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ ní ohun tí mo rí nínú ìwé. Ìka mi kò lè di pẹ́ńsù mú. Mo bẹ Petrina kó bá mi yà á. Ó jókòó sórí àpótí tó wà níwájú mi, awò wà láàárín àwa méjèèjì, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ìwé, ọ̀rá pupa ni a fi dì í kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa dí mi lójú.

"Ya róbótó kan sáàárín," ni mo wí, ojú mi kò kúrò nídìí awò. "Fi ìràwọ̀ kan sókè rẹ̀. Kékeré náà wà níhìn-ín." Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi jáde.

Nígbà tó parí, mo dìde, mo gba ìwé náà. Ó fi kékeré sí apá òsì.

"Petrina, ọwọ́ ọ̀tún ni mo nà o."

"Ibi tí ọwọ́ rẹ wà ni mo fi í sí," ó wí, ó sì nawọ́ síbi tí ọwọ́ mi wà. Lóòótọ́, níbi tó jókòó sí tó kọjú sí mi, apá òsì rẹ̀ ni.

Mo fa ìwé àtijọ́ yọ. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ iná pupa yẹn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Gbogbo rẹ̀ padà sí mi: tánkì omi lẹ́yìn mi, ó tutù mọ́ mi lẹ́yìn, Dádì Ṣeun níwájú mi pẹ̀lú ojú kan nídìí awò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínà nínú òkùnkùn. "Ó wà níhìn-ín, Bọ́sẹ̀. Yà á." Mo sì yà á síbi tí mo ti rí ọwọ́.

Ojú rẹ̀ kò tàn án. Èmi ni. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi bá ojú ara rẹ̀ jà nítorí ìwé tí èmi yà, kò sì fìgbà kan sọ pé bóyá ọmọ yẹn ló ṣì í yà.

"Kí ló ṣe ọ́?" Petrina bi mí. Mo sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dín ẹ̀bi náà kù.

Mo dé

Kí n tó kúrò, Mummy Hilde fi ẹran gbígbẹ dì mí lẹ́rù, ó sì kúnlẹ̀ kí n tó lè dá a dúró, ó ní ó ku bí wọ́n ṣe ń dìde. Èmi àti Petrina ló fà á dìde. A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún díẹ̀.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo ro ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ìdajì rẹ̀. Mo lè ní, "Ẹ rí i, sà," kí n dákẹ́ síbẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, orúkọ mi kò ní wọ̀ ọ́. Títí mo fi gun àtẹ̀gùn búlọ́ọ̀kù wa, ohun tí mo pinnu nìyẹn.

"Ẹsẹ̀ Bọ́sẹ̀ nìyẹn," Dádì Ṣeun wí kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ó wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá wíńdò. Kò tilẹ̀ bèèrè àlàáfíà ọ̀nà. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà. Awò yín rí i. Kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn sí mi dáadáa."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Apá wo?"

Ìpinnu mi já. "Apá ọ̀tún, sà."

Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "A jẹ́ pé òun kọ́ ni mo rí."

"Òun ni, Dádì. Òun gan-an ni. Èmi ni mo yà á sódì." Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: tánkì, ọwọ́, Petrina, ìwé méjèèjì. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ máa ṣiyèméjì ojú yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyí."

Jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan ń ké nísàlẹ̀. Mo ti ń retí kí ó bú mi.

"Ta ló ní kí o jókòó síwájú mi lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"O mọ ìdí rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Etí òrùlé ló wà lẹ́yìn mi. Kò sí ògiri, kò sí irin. Bí mo bá fi ọ́ sẹ́yìn mi, tí ojú mi wà lókè, ta ló máa ṣọ́ ọ? Mo fi tánkì tì ọ́ lẹ́yìn, mo fi ara mi dí ọ níwájú." Ó mi orí. "Bí a bá tún padà síbẹ̀ lálẹ́ òní, ibẹ̀ náà ni mo máa fi ọ́ sí. Jẹ́ kí ìràwọ̀ lọ sódì."

Mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. "Ó tó. Mú ìwé àtijọ́ yẹn wá, kí o jókòó síbí. Ẹ̀gbẹ́ mi o, kì í ṣe iwájú. O ti dàgbà báyìí, o kò ní já bọ́."

Mo jókòó tì í, èjìká mi kan tirẹ̀, àwa méjèèjì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Mo fi rọ́bà pa àmì ìbéèrè rẹ́. Ó di ojú kan, bó ṣe máa ń ṣe nídìí awò, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde.

"Ó wà níhìn-ín, Bọ́sẹ̀," ó wí. "Yà á."

Mo yà á síbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.